Ṣúgà àti Dídì Ẹ̀jẹ̀ Lára Alátọ̀gbẹ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ṣúgà òwúrọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti fi díwọ̀n ewu tí ń bẹ lára alátọ̀gbẹ oríṣi kejì. Bí aláìsàn ní Abẹ́òkúta bá ta kété sí láfún lálẹ́, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí ó ti pọ̀ tipẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ fibrinogen, èròjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Ìdì ẹ̀jẹ̀ náà a ki, kì í sì í tètè yọ́, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo HbA1c, tí ń sọ ìtàn oṣù 2 sí 3, pẹ̀lú fibrinogen. Kí a má sì gbàgbé pé egbò àti ibà náà a máa gbé fibrinogen sókè.