Bí Ìyàn Ṣe Mú Àwọn Àgbẹ̀ Tó Gbé Mao Gorí Àlééfà

Ọmọ àgbẹ̀ ni Mao Zedong. Abúlé Shaoshan ní ìpínlẹ̀ Hunan ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1893. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Kọ́múnístì gbójú lé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ó ti kọ̀wé lọ́dún 1927 pé àwọn tó ń roko ni yóò dojú ètò àtijọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ló jagun fún un títí ó fi kéde ìjọba tuntun ní Tiananmen, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1949.

Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí náà ni ebi wá pa kú lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1958, Mao ní kí Ṣáínà fi ọdún díẹ̀ bá àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ dọ́gba. Wọ́n kó oko gbogbo pọ̀ sójú kan, ìdáná ilé di èèwọ̀, abúlé wá ń jẹun ní ilé oúnjẹ kan ṣoṣo. Wọ́n mọ iléru sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yọ́ ìkòkò àti ọkọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú irin tó jáde kò sì wúlò. Ìdí iléru ni àwọn èèyàn wà nígbà tí ìrẹsì ń rà lóko. Wọ́n ní kí wọ́n pa ológoṣẹ́ run torí ó ń jẹ ọkà. Kòkòrò tí ẹyẹ náà ń ṣà jẹ bá gba oko.

Irọ́ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí olórí àdúgbò kan bá ní ìkórè òun pọ̀, èkejì á bù kún tirẹ̀, kí wọ́n má baà fẹ̀sùn kan òun. Iye irọ́ yìí ni ìjọba fi ṣírò ìpín rẹ̀, ó sì gbá àká ọ̀pọ̀ abúlé. Lọ́dún 1959, tí ebi ti ń pààyàn, Ṣáínà ṣì ń ta ọkà sókè òkun.

Ẹnì kan la ẹnu. Ọ̀gágun Peng Dehuai, mínísítà ètò ààbò, ọmọ àgbègbè Xiangtan tí abúlé Mao wà, ti lọ sílé, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Lushan, oṣù keje ọdún 1959, lẹ́tà ló kọ sí Mao; kò pariwo níta. Mao ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pín in káàkiri, ó sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ta ko ẹgbẹ́. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ọ̀gágun Lin Biao.

Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti kọjá àtúnṣe. Kí ìpàdé yẹn tó bẹ̀rẹ̀, Mao fúnra rẹ̀ ti ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún koná mọ́ ètò náà, ta ló sì tún fẹ́ sọ òótọ́? Ọdún 1960 ló burú jù. Àwọn òpìtàn kan ní mílíọ̀nù 15 èèyàn ló kú, àwọn mìíràn ní ó tó 45.

Lọ́dún 1962, Liu Shaoqi, ààrẹ orílẹ̀-èdè nígbà náà, sọ níwájú aṣojú ẹgbẹ́ bíi 7,000 ohun tí àwọn àgbẹ̀ Hunan wí: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ti ọwọ́ ojú ọjọ́ wá, ìdá méje ti ọwọ́ èèyàn. Mao kò gbàgbé. Liu kú sí àtìmọ́lé lọ́dún 1969, Peng tẹ̀lé e ní 1974. Mao ṣe olórí ẹgbẹ́ títí ó fi kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ọdún méjì lẹ́yìn náà sì ni ẹgbẹ́ tó dá orúkọ rere Peng padà.