Bí A Ṣe Ń Wọn Ooru Nínú Agolo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti Gánà, láti Tógò, láti Bẹ̀nẹ̀ àti láti gbogbo igun Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò kí a tó lọ dúró níwájú àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ooru ṣeé wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọn gàrí àti epo lọ́jà, àti pé ohun èlò rẹ̀ kò ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ abúlé lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó yé wa ni pé ooru àti ìwọ̀n ìgbóná kì í ṣe ohun kan náà. Bí ẹ bá da ṣíbí omi híhó kan sínú garawa omi tútù, omi garawa kò ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ìkòkò omi híhó kan sí i, ó di omi ìwẹ̀. Omi ṣíbí àti ti ìkòkò gbóná bákan náà. Ooru inú wọn ni kò dọ́gba. Joseph Black, ọ̀mọ̀wé ará Scotland tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow, ni ó la ìyàtọ̀ yìí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1760.

Ẹni tí ó bá ti dúró ní ilé àgbẹ̀dẹ rí ti mọ ìlànà tí a fi ń wọn ooru. Alágbẹ̀dẹ a ti irin gbígbóná bọ omi. Irin a tutù, omi a sì gbóná. Ohun tí irin sọ nù ni omi rí he. Bí a bá wọn èyí tí omi rí, a ó mọ èyí tí irin sọ nù.

Ẹ wá agolo méjì, kí ọ̀kan kéré ju èkejì lọ. Ẹ ti kékeré bọ inú ńlá, kí ẹ sì ki òwú tàbí akísà sí àárín wọn kí ooru má baà sá jáde. Ẹ gé páálí ṣe ìdérí, kí ẹ dá a lu fún tẹmómítà. Irú ohun èlò báyìí ni a ń pè ní kàlórímítà.

Ní kíláàsì wa, a bu omi gíráàmù 200 sínú agolo. Ìgbóná rẹ̀ jẹ́ dígírì Celsius 28. A fi okùn so irin òṣùwọ̀n gíráàmù 200, a sì fi í sínú omi híhó títí ó fi gbóná dé dígírì 100. A gbé e sínú agolo, a dé e, a ń ro omi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tẹmómítà kò fi gòkè mọ́. Dígírì 34 ni ó dúró sí.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Kí omi gíráàmù 1 tó lè fi dígírì 1 gbóná sí i, yóò gba ooru joule 4.18. Omi wa fi dígírì 6 gòkè, nítorí náà ó gba 200 × 4.18 × 6, èyí tí í ṣe joule 5,016. Irin fi dígírì 66 sọ̀kalẹ̀. Bí a bá pín 5,016 sí ọ̀nà 200, tí a sì tún pín ohun tí a rí sí ọ̀nà 66, a ó rí 0.38. Ìyẹn ni iye joule tí irin gíráàmù 1 fi sílẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n 0.45 ni ìwé kọ fún irin. Bí ooru kankan kò bá sá, dígírì 35 ni ìbá yẹ kí omi wa dé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rù olùkọ́ yóò pa 34 rẹ́, yóò sì kọ 35. Ẹni tí ó jẹ́ kí 34 dúró ni ó lè béèrè pé: níbo ni ooru yòókù wà? Afẹ́fẹ́ gba nínú rẹ̀ nígbà tí a ń gbé irin kọjá. Agolo àti òwú náà gba tiwọn. Kò ṣègbé, ibi tí a kò wọ̀n ni ó lọ. Nígbà tí a tún un ṣe, tí a yára gbé irin, tẹmómítà fi ìdajì dígírì kọjá 34. Ẹni tí ó ti kọ 35 kò lè kọ́ èyí láéláé.

Ọ̀nà kan náà ni a ń lò nínú kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n kí ife rọ́bà rọ́pò agolo inú, nítorí ásíìdì a máa jẹ irin. Ẹ mú mílílítà 50 hydrochloric acid àti mílílítà 50 omi sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára mole 1 nínú líítà 1. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ dà wọ́n pọ̀, nítorí wọ́n lè ba ojú àti ara jẹ́. Láìsí iná, àdàlù náà yóò fi bíi dígírì 6 sí 7 gbóná sí i. Ìṣirò tòkè yìí ni yóò sọ iye ooru tí ìdàpọ̀ wọn bí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń dúró de ọ̀pọ̀ nínú wa lè má ní yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n kò ní ṣaláìní agolo, omi àti iná. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀bẹ̀ fún tẹmómítà kan. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ìwé wò.