Bí A Ti Í Dáàbò Bo Kànga Ilé ní Ìgbà Ọyẹ́ àti ní Ìgbà Òjò

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí kò ní í lò ó. Ṣùgbọ́n kànga tí ń pèsè omi náà ní ọ̀tá, ọ̀tá rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé nísinsìnyí, òtútù ni ọ̀tá náà. Nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀, omi inú páìpù a dì bí òkúta. Omi tí ó bá sì dì a máa wú: èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n 100 yóò di nǹkan bí 109, agbára wíwú yìí sì ni ó ń bẹ́ páìpù, ìbáà ṣe ti irin. Àwọn ará ibẹ̀ kì í dúró de òtútù. Kí ó tó dé ni wọ́n ti ń ri páìpù mọ́ ilẹ̀ jìnnà, níbi tí òtútù kò lè dé, tí wọ́n sì ti ń wé èyí tí ó wà ní gbangba.

Ní Ìbàdàn, omi kànga kì í dì. Bí ọyẹ́ ti wù kí ó mú tó ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kínní, ìbáà ṣe ní Bódìjà, ní Agbowó tàbí ní Challenge, òtútù rẹ̀ kò tó èyí tí ń sọ omi di òkúta. Ọ̀tá kànga ní Ìbàdàn ni ẹ̀gbin tí òjò ń wọ́ wọ inú rẹ̀, àti ọ̀dá tí ń mú kí omi rẹ̀ fà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni a fi ń ṣẹ́gun wọn: kí a múra sílẹ̀ kí àkókò tó dé.

Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ ohun tí omíyalé jẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, ó wó ilé, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún kún ìlú. Ó ba afárá Apẹ̀tẹ̀ jẹ́, ó sì wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kọjú sí Agbowó. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni ilé tí ó wó àti ọkọ̀ tí omi gbé lọ. Ohun tí ojú kò tètè rí ni pé irú omi bẹ́ẹ̀ a ti gba inú ṣálángá, gọ́tà àti ààtàn kọjá kí ó tó ṣàn wọ kànga. Nígbà tí omi bá fà tán, kànga a tún tòrò, ẹni tí ó bá sì wo inú rẹ̀ a rò pé ewu ti kọjá.

Omi tí ó mọ́ lójú lè ní ikú nínú. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà ní àdúgbò Soho ní ìlú London, ó sì pa ju 600 ènìyàn lọ. Dókítà John Snow wádìí ilé tí àwọn òkú ti jáde, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń mu omi kànga kan ní òpópó Broad Street. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi kànga yìí. Àlùfáà kan ní àdúgbò náà, Henry Whitehead, kò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rìn láti ilé dé ilé títí ó fi mọ̀ pé omi tí a fi fọ aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́ kan tí àìsàn ń ṣe ni a dà sí kòtò ẹ̀gbin ilé wọn. Nígbà tí a hú ilẹ̀ wò, kòtò náà kò jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, ògiri rẹ̀ sì ti jẹrà.

Kí ará Ìbàdàn má ṣe ka èyí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Omi kò lè wọ inú rẹ̀ bí kò ṣe níbi tí ó bá ti sán. Nítorí náà, inú ilẹ̀ tí ó wà lórí àpáta ni omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga ń gbé. Inú ilẹ̀ kan náà ni omi ṣálángá ń rìn sí. Bí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn, omi wọn a pàdé níbi tí ojú kò tó.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí ṣálángá jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kí kànga wà ní apá òkè, kí ṣálángá sì wà ní apá ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìkọ́lé kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn lọ. Níbi tí ilé bá ti há mọ́ ara wọn, ẹni tí ó gbẹ́ ṣálángá sí ìkángun ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè ti gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kànga kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri, kí aládùúgbò má sì bínú sí ẹni tí ó bèèrè.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí kànga ní. Èkíní ni ògiri inú: kí a fi sìmẹ́ńtì dí oríkèé àwọn òrùka kọnkéré rẹ̀ pa láti òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 10 nísàlẹ̀, kí omi orí ilẹ̀ má bàa rí ọ̀nà wọlé. Èkejì ni ọrùn: kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí àgbàrá má bàa wọ inú rẹ̀, kí ọmọdé má sì ṣubú sí i. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 yí i ká, tí ó sì dà gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà, kí omi tí ó dànù má bàa padà sínú kànga. Ẹ̀kẹrin ni ìdérí tí ó ṣe é tì. Kí garawa ìfami jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí a sì máa gbé òun àti okùn rẹ̀ kọ́, nítorí okùn tí ó bá wọ́ nínú ẹrẹ̀ yóò gbé ẹrẹ̀ wọ inú omi.

Ní ti ọ̀dá, òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ni ó dára jù láti gbẹ́ kànga tàbí láti mú un jìn sí i. Nítorí kànga tí ó bá ní omi nígbà náà kò ní í ṣàìní in nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀rọ tí ń lo pẹtiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi rẹ̀. Èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn ohunkóhun. Bí ẹnì kan bá sì dákú nínú kànga, kí ẹlòmíràn má ṣe sáré wọlé tọ̀ ọ́, kí òkú má bàa di méjì; okùn ni kí a ti so mọ́ ara ẹni tí ń wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè fà á jáde.

Bí omi òjò bá wọ inú kànga, kí a fa omi rẹ̀ dànù tó bí ó ti ṣeé ṣe, kí a kó ẹrẹ̀ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí omi tuntun sun. Lẹ́yìn náà ni kí a da bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sí i. Kànga tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 a máa gba omi bí lítà 200 ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ lítà 1,000. Bí agbára bílíìṣì náà bá jẹ́ 5 nínú 100, lítà 1 ni yóò tó fún un. Kí a bo kànga fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má sì mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a fa omi náà dànù títí òórùn bílíìṣì yóò fi tán. Ṣùgbọ́n bí ṣálángá bá ń jò sí kànga, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni bílíìṣì yóò ṣe, ẹ̀gbin yóò sì padà.

Nítorí náà, kí ìyá ilé tí kànga rẹ̀ kò jìnnà sí ṣálángá má ṣe fún ọmọ ní omi mímu láìsè é. Kí omi náà hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1, kí a sì gbé e sínú ohun èlò tí ó mọ́, tí a dé.

Kí baálé ilé wo òrùka àti ìdérí kànga rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí ó la gọ́tà rẹ̀ ní oṣù Keje, kí òjò ńlá oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án má bàa bá a lójijì. Àpò sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, owó rẹ̀ kò sì tó owó ìtọ́jú ọmọ kan tí onígbáméjì dá dùbúlẹ̀.