Ìṣọ̀lá Mẹ́rin Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi ní kí n gbé orin Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi, mo tẹ orúkọ náà síbi ìwárí, orin mẹ́ta péré ló jáde. Mẹ́ta kẹ̀? Èmi tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì da kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi sínú kọ̀ǹpútà! Mo mọ̀ dájú pé orin Ìṣọ̀lá tó wà níbẹ̀ ju ogún lọ.

Nígbà tí mo wá wo orúkọ àwọn olórin lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé Ìṣọ̀lá ti di ẹni mẹ́rin. Ọ̀kan ń jẹ́ "Haruna Ishola". Èkejì ń jẹ́ "Alhaji Haruna Ishola And His A", ó gé síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ló dà mí láàmú jù: "Hárúnà Ìṣọ̀lá" àti "Hárúnà Ìṣọ̀lá". Ẹ tún un wò dáadáa. Ojú wa ò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, torí mo mọ̀ pé wàhálà yìí kì í ṣe tèmi nìkan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí owó ò lè rà lọ́wọ́ mi.

Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ orin

Fáìlì MP3 kan ní nǹkan méjì nínú. Àkọ́kọ́ ni ohùn fúnra rẹ̀, ìyẹn òǹkà gbọọrọ tí ẹ̀rọ ń sọ padà di ìró. Èkejì ni lébẹ́lì kékeré kan: orúkọ orin, orúkọ olórin, orúkọ àwo, ọdún. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń to orin fún yín, kò tẹ́tí sí ohunkóhun. Lébẹ́lì yẹn ló ń kà. Bí ẹnì kan bá kọ "iyọ̀" sára agolo ṣúgà, ẹni tó ń wo lébẹ́lì nìkan á bu ṣúgà sọ́bẹ̀ ni.

Ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ irú lébẹ́lì yìí mọ́ MP3. ID3 ni wọ́n ń pè é. Báìtì 128 péré ni wọ́n fún un, ní ìparí fáìlì: 30 fún orúkọ orin, 30 fún olórin, 30 fún àwo, 4 fún ọdún. Orúkọ tó bá ju 30 lọ, gígé ni. Ìdí nìyẹn tí "Alhaji Haruna Ishola And His Apala Group" fi dúró lórí "A". Ẹ kà á, ẹ ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé 30 gééré ni.

Irú orin wá ńkọ́? Báìtì kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, láti inú àkójọ irú orin 80. Polka wà níbẹ̀, Reggae wà níbẹ̀. Kò sí àpàlà, kò sí jùjú, kò sí fújì. Ní 1998 ni ẹ̀yà kejì dé, èyí tó máa ń wà níwájú fáìlì, tó gba orúkọ gígùn, tó sì jẹ́ kí ẹ kọ irú orin tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n fáìlì kan lè gbé lébẹ́lì méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan máa sọ ọ̀tọ̀, kí èkejì máa sọ ọ̀tọ̀.

Lẹ́tà kan, ọ̀nà mẹ́rin

Ó wá ku Ìṣọ̀lá méjì tó jọra. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kì í ṣe àwòrán, nọ́ńbà ni. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Unicode ló ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà. "á" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ṣ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ̀", tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan tó dá dúró fún un. Níṣe là ń tò ó pọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló sì wà láti tò ó:

1. "ọ", lẹ́yìn náà àmì òkè.
2. "ò", lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀.
3. "o", lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè.
4. "o", lẹ́yìn náà àmì òkè, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà lójú wa. Ṣùgbọ́n tí ètò tó ń to orin bá kàn ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èmi sì rèé, mo fi fóònù kọ àwọn orúkọ kan, mo fi láptọ́ọ̀pù kọ ìyókù, àwọn méjèèjì ò sì to àmì bákan náà. Bí Ìṣọ̀lá ṣe di méjì nìyẹn.

Àwọn tó ṣe Unicode mọ̀ nípa èyí. Wọ́n ní ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC, tó ń dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn. Ètò tó bá ń lò ó, ẹni kan ni Ìṣọ̀lá lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò lò ó.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Inú bí mi. Mo wá ń fi ìbínú tún ilé ṣe. Fáìlì méjì tí orúkọ orin wọn bá ti jọ, mo pa èyí tó kéré rẹ́, mo ní èyí tó tóbi ló máa dáa jù. Mo tún da àpótí ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà nù pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá mi béèrè pé, "Èyí tí bàbá wa ti sọ̀rọ̀ ńkọ́?" Ara mi tutù.

Kí wọ́n tó bí mi, bàbá àgbà ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì ìgbohùn nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kan ń lọ lọ́wọ́. Ohùn wọn bọ́ sáàárín orin, wọ́n ń bi àlejò bóyá ó ti jẹun. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 11 lọ. Kò sí ibòmíì tí ohùn wọn wà nílé wa. Lẹ́yìn tí mo dà á sínú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ jẹ okùn kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ. Èmi náà ni mo kọ lébẹ́lì fún fáìlì rẹ̀, orúkọ kan náà ni mo sì fún un bíi ti ẹ̀dà tó mọ́. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wolé, èmi ò wọ̀nà.

Ta ló ń jẹ́ ẹ̀dà?

Ọ̀nà méjì wà tó sàn ju orúkọ lọ. Èkíní ni hash, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SHA-256. Ìṣirò ni: ó máa ka gbogbo báìtì inú fáìlì, á wá fún yín ní nọ́ńbà kúkurú kan. Fáìlì méjì tó bá jẹ́ ọ̀kan náà látòkèdélẹ̀ á ní nọ́ńbà kan náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú lébẹ́lì, nọ́ńbà náà á yí padà pátápátá, bí ohùn ò tilẹ̀ yí.

Èkejì ni òǹtẹ̀ ohùn. Èyí ń tẹ́tí sí orin lóòótọ́. Á gé e sí wẹ́wẹ́, á wo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó lágbára ní abala kọ̀ọ̀kan, á sọ wọ́n di òǹkà. Bí lébẹ́lì bá yàtọ̀, bí fáìlì kan bá kéré ju èkejì lọ, á ṣì mọ̀ pé orin kan náà ni. MusicBrainz Picard ń lo irú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ orin tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fi sínú àkójọ tó ń wò, kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún yín.

Ká ní mo fi fáìlì bàbá àgbà wé ẹ̀dà tó mọ́, hash á ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Òǹtẹ̀ ohùn lè ní ọ̀kan náà ni wọ́n, torí kí ni ìṣẹ́jú àáyá 11 jẹ́ nínú orin tó kún ojú kásẹ́ẹ̀tì kan? Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ fún mi pé ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ìdí tí a fi tọ́jú fáìlì náà. Etí ẹni tó mọ ohùn yẹn nìkan ló mọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà sórí dírááfù míì. Mo yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan, orí ẹ̀rọ kan náà ni mo sì ti ń kọ ọ́. Ohun tí mo bá mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì, mo máa ń kọ ọ́ sínú lébẹ́lì: ta ló ni ín, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò sì pa fáìlì rẹ́ mọ́ láìgbọ́ ọ tán.

Bàbá mi ò bínú. Wọ́n kàn mú fóònù kékeré wọn jáde, èyí tí mo da orin sí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò sí orúkọ olórin níbẹ̀, kò sí àwo, kò sí ọdún. "Track 07" ni fóònù náà pè é. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n dákẹ́, a wá jókòó títí ohùn bàbá wọn fi dé.