Lámbò, dókítà tó ní kí wèrè máa gbé láàárín ìlú

Ẹ gbọ́ ná, ta ni nínú yín tó máa fi yàrá háyà fún wèrè? Àwọn ará Arò l'Ábẹ́òkúta ṣe é! Lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé dókítà ní Birmingham, ní káwọn tí orí wọn dà rú máa sùn sílé àwọn ará abúlé, láìsí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ gbàtọ́jú lọ́sibítù. Onílé ní tiẹ̀ ń gbowó ilé, kí ló tún kù? Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, torí àwọn ló mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wọn.

Ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1968, ó sì ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ọdún 2004 ni bàbá náà kú.