Bí ògiri bá di gíláàsì, kí ni yóò bo àṣírí wa?

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ lè bá ọmọ ṣeré, ẹ lè fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ máa nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá pe iye wọn síta. Ẹni tó ń ka ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, ta ló mọ ohun tó fẹ́ fi iye náà ṣe? Èèwọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ògiri, kì í ṣe àgádágodo, síbẹ̀ ó ń ṣọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ ṣàlàyé lónìí, àwọn tó ń kọ ìtàn nípa ayé ọjọ́ iwájú ti ń rò ó láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún: bí ẹ̀rọ bá mú kí gbogbo èèyàn lè máa rí gbogbo èèyàn, kí ni yóò bo àṣírí? Science-fiction ni wọ́n ń pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lédè Faransé. Ìtàn àròsọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ti dé Banikanni níbí.

Agbolé àti ọ̀rọ̀ àgò

Ẹ wo agbolé kan ní Banikanni, níbi tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń lo àgbàlá kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń sọ Yorùbá, ìkejì ń sọ Baatonu, ìkẹta Dendi, ìkẹrin Fọ̀n. Ògiri ò ga, páànù orí ilé ò sì lè dí ohùn. Bí tọkọtaya bá ń bára wọn jiyàn lóru, gbogbo ilé ló gbọ́. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní "Ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?", kò sì sẹ́ni tó máa mẹ́nu ba ohun tó gbọ́. Ẹni tó fẹ́ wọlé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Àgò o!", á dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn kó tó gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ tiwa ńbí, ohun tó ń bo àṣírí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò rí wa. Wọ́n rí wa. Ohun tó ń bò ó ni àdéhùn tó wà láàárín wa nípa ohun tẹ́ni tó rí wa gbọ́dọ̀ ṣe àtohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú. Òun la máa fi wo àwọn ìtàn mẹ́ta yìí.

Ìlú tí wọ́n fi gíláàsì kọ́

Ará Rọ́ṣíà kan, Yevgeny Zamyatin, kọ ìwé kan ní 1920 sí 1921 tí wọ́n ń pè ní Nous autres lédè Faransé. Nínú ìlú tó ròyìn rẹ̀, gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé. Èèyàn ò lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fa kọ́tìnnì bolẹ̀ kóun àti ẹnì kejì lè dá wà, àfi kó kọ́kọ́ gbàwé lọ́wọ́ ìjọba, wákàtí tó sì máa fi fà á bolẹ̀ níye. Níbẹ̀, èèwọ̀ ti dojú dé: ẹni tó bá ní àṣírí ló di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìjọba Soviet ò jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà ní Rọ́ṣíà títí di 1988. Ó jọ pé wọ́n rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ayé tí ìhòòhò ò ti jẹ́ nǹkan kan

Ìkejì ni ti Isaac Asimov, ará Amẹ́ríkà, tó gbé ìwé tiẹ̀ jáde ní 1957. Àwọn tó ń ka Faransé mọ̀ ọ́n sí Face aux feux du soleil. Ó sọ̀rọ̀ nípa ayé kan tó ń jẹ́ Solaria, níbi tó jẹ́ pé ọ̀kẹ́ kan èèyàn péré, ìyẹn 20 000, ló ń gbé gbogbo ilẹ̀ ayé náà. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn, olúkúlùkù sì dá wà lórí ilẹ̀ tiẹ̀. Àwòrán ni wọ́n fi ń ríra, bí ìgbà téèyàn bá ń fi fídíò pe ará ilé rẹ̀ tó wà ní Cotonou. Kéèyàn méjì jókòó sínú yàrá kan náà, kí wọ́n máa gbọ́ èémí ara wọn, ìríra ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà níhòòhò lójú àwòrán, kò sóhun tó burú níbẹ̀ lójú tiwọn. Àwòrán lásán ni, wọn ò rí i ní tòótọ́.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé èèwọ̀ máa ń ṣí kiri. Tí irinṣẹ́ bá yí padà, ìtìjú náà á wá ibòmíì dúró sí. Bí a ò bá jókòó pinnu ibi tó máa dúró sí, á lọ síbi tí ò yẹ.

Kaaro àti ìpara làpálàpá

Ìkẹta ló sún mọ́ wa jù. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ dókítà àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu, ló kọ Rosewater. Ìwé náà jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ní 2066 ló ń ròyìn. Àwọn àlejò láti òde ayé ti dé, wọ́n sì mú ohun wíńníwínní kan wá, irú èyí tó ń fa làpálàpá lára. Ó tàn ká inú afẹ́fẹ́, ó sì so ara gbogbo èèyàn pọ̀. Àwọn díẹ̀ wà tó lè tipasẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹlòmíì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Kaaro, ọmọ Yorùbá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, olè ni: ó ń fẹ̀bùn yẹn mọ ibi táwọn èèyàn fowó pa mọ́ sí. Nígbà tó yá, báǹkì kan gbà á síṣẹ́. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó, wọ́n á máa kàwé, kí ìwé tí wọ́n ń kà lè dàrú mọ́ àwọn olè lójú, kí wọ́n má bàa jí ọ̀rọ̀ oníbàárà báǹkì kó. Ẹni tí ò bá sì fẹ́ kí wọ́n ka ọkàn òun, ìpara tí wọ́n fi ń wo làpálàpá ló ń fi para.

Ẹ má fi ìpara yẹn rẹ́rìn-ín. Ohun tí Thompson ń sọ ni pé, bí ògiri bá tilẹ̀ ti wó tán pátápátá, èèyàn á ṣì wá nǹkan fi bora. Àti pé àṣírí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ààbò ni.

Níbi tá a dé ní Benin

Láti 2017 sí 2018, ìjọba wa ṣe ìkànìyàn RAVIP. Wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n gba ìtẹ̀ka wa, nọ́ńbà sì wà fún olúkúlùkù lọ́dọ̀ ANIP. A ò sọ pé ó burú: ìwé ìdánimọ̀ ń ṣàǹfààní fún wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn àgbà ṣì wà níbẹ̀: kí lẹ fẹ́ fi iye náà ṣe?

Inú wa dùn pé òfin náà ń bi í. Òfin orílẹ̀-èdè ti December 1990 ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé ya wọlé onílé, àti pé àṣírí lẹ́tà àti ìbánisọ̀rọ̀ ní ààbò. Òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni tẹ̀ lé e ní 2009, lẹ́yìn náà ni Code du numérique dé ní April 20, 2018. Òfin yìí ní ẹni tó bá ń gba ọ̀rọ̀ nípa yín gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe tó bá ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ àìsàn wà lára èyí tó ṣọ́ jù. Iléeṣẹ́ tó ń gba ẹ̀sùn lórí rẹ̀ ni APDP, ní Cotonou.

Ṣùgbọ́n òfin ò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Ìyá àgbà kan á ṣubú lójú títì, kó tó dìde, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp. Aláìsàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó wá kí i á na tẹlifóònù sí i lójú. Ẹni náà ò ní wọ yàrá ìyá yẹn láìsọ àgò láé! Tẹ́ ẹ bá bá a wí, á ní "fọ́tò lásán ni". Ọ̀rọ̀ àwọn ará Solaria gan-an nìyẹn. Ìyá yìí ńkọ́, ẹni tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á rí i bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i?

Èèwọ̀ tuntun

A rò pé agbolé kọ̀ọ̀kan lè jókòó fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́rin yìí. Ìkíní, a ò gbọdọ̀ ya aláìsàn, òkú, tàbí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀. Ìkejì, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa nípa ẹlòmíì, ọ̀dọ̀ wa ló máa kú sí. Ìkẹta, a ò ní fi kọ́pì ìwé ìdánimọ̀ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìkẹrin, nọ́ńbà àṣírí owó orí tẹlifóònù kì í ṣe ohun tá à ń pè sókè níwájú èrò, kódà kí oníṣẹ́ owó náà jẹ́ ọmọ ìyá wa.

Ohun kan wà tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé. Èèwọ̀ wà láti bo aláìlágbára, kò wà fún bíbo ìkà. Bí wọ́n bá ń lu obìnrin tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ lẹ́yìn ògiri, "ọ̀rọ̀ ilé wọn ni" kì í ṣe ìdáhùn. Òfin January 9, 2012 dá ìwà ipá sí obìnrin lẹ́bi, ẹni tó bá gbọ́ igbe sì lè lọ sí commissariat. Ẹ fi tó àwọn tó lè ṣe nǹkan sí i létí, ẹ má fi í sórí WhatsApp.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ yìí nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá jókòó. Àwọn ni tẹlifóònù wà lọ́wọ́ wọn. A kọ́ wọn láti máa sọ àgò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn kí wọ́n máa sọ ọ́ kí wọ́n tó na tẹlifóònù síni náà.