Asaba 1967: Bí Kò Bá Sí Ìwé Àṣẹ, Ta Ló Jẹ̀bi?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ará Asaba wọ akwa ocha, aṣọ funfun àfọwọ́hun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ, wọ́n bọ́ sí ìta, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn ń ṣe. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti wọ ìlú wọn, lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń jà láti ya kúrò lára Nàìjíríà, tó sì ti wọ ẹkùn Mid-West láti oṣù kẹjọ, padà sọdá odò Ọya sí Onitsha. Wọ́n ti ń pa ará ìlú láti ojúlé dé ojúlé. Ijó yẹn ni àwọn àgbà ìlú fẹ́ fi pẹ̀tù sí i. Kò pẹ̀tù. Àwọn ọmọ ogun ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀, wọ́n da àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin lọ sí Ogbe-Osowa, wọ́n sì rọ̀jò ìbọn lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ ìṣirò ní àwọn tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn lé ní 500.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ẹ̀bi, ìbéèrè tí wọ́n fi ń dá olùfisùn lóhùn ni pé: ìwé àṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n dà? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ń gbé wa gba ọ̀nà ibòmíràn. Lẹ́yìn ìpakúpa Manila ní 1945, ilé ẹjọ́ ológun Amẹ́ríkà dá ọ̀gágun Yamashita ti Japan lẹ́bi pé kò káwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, láì sí ẹ̀rí pé ẹnu rẹ̀ ni àṣẹ ti jáde. Wọ́n sì yẹgi fún un. Òótọ́ ni pé adájọ́ méjì nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ ọn, Yamashita sì jìnnà sí Manila, ìròyìn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Asaba? Ìlú kan ṣoṣo ni, ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi pààyàn níbẹ̀, Ẹ̀ka Kejì ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Murtala Muhammed ń darí ló sì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń múra àtisọdá sí Onitsha.

Àwọn kan ní àwọn ajagun Biafra fara pamọ́ sáàárín ará ìlú. Kí a gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ìwà ológun tí Gowon, olórí ìjọba nígbà ogun, fúnra rẹ̀ fi lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ ní oṣù keje 1967 kọ̀ pé kí wọ́n pa ọmọdé, ó sì kọ̀ pé kí wọ́n pa ọmọ ogun tó bá túúbá pàápàá. Àwọn mìíràn ní ọmọ ogun Biafra náà pa àwọn tí kì í ṣe Igbo ní Mid-West. Wọ́n pa wọ́n, ẹjọ́ tiwọn náà sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdékùnrin kan ní Ogbe-Osowa tó jẹ gbèsè yẹn.

Nígbà tí Gowon lọ tọrọ àforíjì ní Asaba ní 2002, ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀gá ológun ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe. Ọdún 35 ti kọjá. Wọ́n ti pa Murtala ní 1976, láì tíì dúró níwájú ilé ẹjọ́ kankan lórí Asaba, àwòrán rẹ̀ sì ti wà lórí owó ogún náírà tí àwọn opó ìlú náà fi ń ná ọjà.